Ayọ̀ Lábẹ́ Olúmọ: Bí Àwọn Onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá Ṣe Yọ̀ Nínú Ìpọ́njú

Ogun ló dá Abẹ́òkúta sílẹ̀. Kó tó di ọdún 1830 tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn tó ṣẹ́kù wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, ogun ti tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó ká. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó àwọn mìíràn lẹ́rú, agbo ilé tí kò ní ẹni tó ń wá kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orin ayọ̀ fi rinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan àwọn òyìnbó ajíhìnrere rárá.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn Kírísítì wọ ìlú náà, ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n. Wọ́n ti tà wọ́n lẹ́rú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, ó sì já wọn sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà ilé bọ̀, pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́ àti ẹ̀wù òyìnbó lọ́rùn. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, sì dé ní oṣù Kìíní ọdún 1843. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ká má tan ara wa, kì í ṣe ìfẹ́ ìhìnrere nìkan ló mú kó gbà wọ́n: ìlú tí ọ̀tá yí ká nílò ọ̀rẹ́ tó ní ìbọn, ó sì nílò ọ̀nà tó já sí etí òkun. Ikú mú un lọ ní 1845, kí àwọn ajíhìnrere tó padà wá tẹ̀dó.

Àwọn tó wá tẹ̀dó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni Townsend àti Àjàyí Crowther. Láti kékeré ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ní 1821, nígbà tí ogun kó ìlú náà. Ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ó padà wá bí àlùfáà, ó sì gbọ́ pé ìyá òun, Àfàlá, wà láàyè ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ni màmá náà dé. Crowther kọ bó ṣe rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ara màmá ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ kò gba ohun tó rí gbọ́. Ìyá àti ọmọ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà lójú màmá, ọ̀rọ̀ ò sì fẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu. Bí màmá bá rí ọ̀rọ̀ sọ, oríkì àti orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré ló ń pè. Kò sí ìlù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orin. Èmi ò mọ ayọ̀ mìíràn nínú ìtàn ìjọ Ẹ̀gbá tó ju ìyẹn lọ, ẹkún sì ni wọ́n fi ṣe é. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ní oṣù Kejì ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá, ó sì ń jẹ́ Hánà. Orúkọ náà bá a mu gan-an, nítorí ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì ni Hánà, Samuel sì ni orúkọ ìrìbọmi ọmọ tirẹ̀. Ó pẹ́ láyé dáadáa, ọdún 1883 ló tó kú, ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹnìkan ni Àfàlá láàárín ọ̀pọ̀. Àwọn tó jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìgbà yẹn, tí ọmọ tàbí àbúrò wọn kò padà wá láé, àwọn náà ń kọrin. Ayọ̀ ti Crowther ní ìdí tí gbogbo ènìyàn rí. Tiwọn, ìpinnu ni.

Ìpinnu náà tún ń náni ní nǹkan. Ní 1849, inúnibíni bẹ́ sílẹ̀ ní Ìgbóre àti láwọn àdúgbò mìíràn. Àwọn onígbàgbọ́ tuntun ò bá wọn rúbọ mọ́, wọn ò ṣe orò ìdílé, babaláwo ń rí i pé oníbàárà ń dín kù, ọ̀rọ̀ ìsìnkú sì tún ń dá ìjà sílẹ̀ nínú agbo ilé: ta ló ni òkú, ìjọ ni tàbí ẹbí? Wọ́n na àwọn kan, wọ́n kan ẹsẹ̀ àwọn mìíràn mọ́ àbà, wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ pé jọ mọ́. Àwọn tó mọ ìwé kà nínú wọn mọ̀ pé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n máa yọ̀. Lọ́wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú àbà, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé ìwé lásán.

Dàhómì ló mú kí inúnibíni náà rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, ọba Gezo kó ọmọ ogun rẹ̀ dé ẹnu odi Àró, tòun ti àwọn obìnrin jagunjagun tí ẹ̀rù wọn ń ba gbogbo ilẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ bọ́ sórí odi pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n jà, Ẹ̀gbá sì ṣẹ́gun. Ìjòyè tó rí ẹni tó jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí odi lánàá, kò ní rọrùn fún un láti so ó mọ́lẹ̀ lónìí. Nígbà tó ṣe, àwọn onígbàgbọ́ ní Balógun tiwọn, John Òkénlá. Glele, ọmọ Gezo, tún gbìyànjú ní 1864, ó pàdánù lọ́nà kan náà.

Àárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ni wàhálà tó tẹ̀lé e ti wá. Gómìnà Glover ń fẹ́ ibodè níbi tí Ẹ̀gbá kà sí ilẹ̀ tiwọn, inú sì ń bí àwọn aláṣẹ ìlú. Ní ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867, ìbínú náà bọ́ sórí ilé Ọlọ́run. Wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn ajíhìnrere, wọ́n kó ohun tó ṣeé kó, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà títí di òní. Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, tí Townsend ti ń tẹ̀ láti 1859, dópin síbẹ̀. Àwọn onígbàgbọ́ kan bá ọ̀nà Èkó lọ, Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn tó kù sílé wà lọ́wọ́ àlùfáà aláwọ̀ dúdú bíi William Moore fún ọdún mélòó kan kí òyìnbó tó tún fẹsẹ̀ kan ìlú náà. Lójú mi, àsìkò yìí ni ìjọ Ẹ̀gbá di ti Ẹ̀gbá: kò sí òyìnbó tí wọ́n ń kọrin fún kó lè yìn wọ́n.

Orin fúnra rẹ̀ ṣì ní àbùkù kan. Orin òyìnbó ni wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ. Èdè wa kò gba irú ìyẹn. Bí ohùn orin bá gbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wálẹ̀ lọ sókè, ọ̀rọ̀ náà di nǹkan mìíràn, olùgbọ́ á sì máa ronú ohun tí ìjọ ń sọ. Ó ṣòro kí ènìyàn yọ̀ nínú orin tí kò yé e.

Ọmọ àdúgbò Ìgbẹ̀ìn kan wà lára àwọn tó tún un ṣe. Ọdún 1855 ni wọ́n bí Josiah Jesse Ransome-Kútì. Bàbá rẹ̀, Líkóyè, kò fẹ́ràn ẹ̀sìn tuntun náà. Ìyá rẹ̀ ló fà á wọ inú ìjọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà Ìfọ́lé. Nígbà tó dàgbà tó di àlùfáà, ó ń mú ohùn orin tí àwọn Ẹ̀gbá ti ń kọ nílé àti lójú agbo, ó ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i, lílé àti ègbè, kí ìyá tí kò mọ̀wé lè gbè é láìwo ìwé. Àlùfáà olórin ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Láàárín àwọn ọdún 1920, ó kọrin sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1930. Fẹlá olórin jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olíkóyè tó di mínísítà ètò ìlera, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ bàbá ńlá tí kò fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì.

Josiah Ransome-Kútì yìí náà ni wọ́n sọ pé ó kọ orin àwọn Ẹ̀gbá. Kí ènìyàn fetí sí ègbè orin yẹn dáadáa. Kò sọ fún wa pé kí á jà, kò ní kí á gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni; ó ní kí á máa yọ̀ lórí Olúmọ, orí àpáta tí àwọn baba wa sá sí nígbà tí ayé lé wọn. Àlùfáà ló kọ ọ́, síbẹ̀ Mùsùlùmí ń kọ ọ́, oníṣẹ̀ṣe náà ń kọ ọ́, níbi ìgbéyàwó àti níbi ìwúyè.

Ọdún 1918 burú. Owó orí mú kí Ẹ̀gbá dìde sí ìjọba, ogun Adúbí sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láàárín oṣù Kẹfà àti Keje. Kí ẹkún tó gbẹ, àìsàn lúkúlúkú, ìyẹn influenza, dé láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e kiri. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò jìnnà, Joseph Ṣàdáre àti olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà nígbà náà, inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn sì ni ọ̀kan nínú gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà wà. Àwọn Aládùúrà ló mú ìlù, àtẹ́wọ́ àti ijó wọ inú ìsìn láìtijú. Àwọn àgbà Áńgílíkà fi wọ́n ṣẹ̀sín fún ìgbà pípẹ́; lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà Ẹ̀gbá ló ní gángan. Ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé, tí í ṣe ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìjọ Redeemed ní ibùdó tí èrò ń ya sí ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ àìríṣẹ́, àìrọ́mọbí tàbí àìsàn ló gbé wọn dé ibẹ̀, wọ́n sì máa ń jó títí ilẹ̀ fi ń lọ sí mímọ́.

Àmọ́ ibi tí mo ti ń rí ìpinnu láti yọ̀ yìí kedere jù ni ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n á pe ìdílé olóògbé jáde, onílù á gbé e, àwọn ọmọ á jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọrẹ lọ́wọ́. Opó tí kò lè jó á jókòó, kò sí ẹni tó máa fà á dìde; àwọn ìyá ìjọ á gba àpò ìwé ọrẹ rẹ̀, wọ́n á jó o lọ fún un. Ohun rere ni èyí. Èyí tí kò dára ni gbèsè: aṣọ ẹbí, kúlà ohun mímu, ìrẹsì àti ẹran fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tí ọmọ ìyá méjì á máa san fún oṣù mẹ́fà. Ayọ̀ tí a yá owó ṣe kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè ṣọ̀fọ̀ ẹni tó kú. Àwọn ìjọ kan ti ń sọ fún ìdílé pé kí wọ́n má dá aṣọ fún ìdúpẹ́ mọ́, kí wọ́n sì fi oúnjẹ mọ níwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í gbọ́.