Ìwé Nọ́ńbà Màmá Àgbà

Lábẹ́ ìrọ̀rí màmá mi àgbà ni ìwé ìkọ̀wé kan máa ń wà, irú èyí tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, tí wọ́n tẹ àtẹ ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá àgbà kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ta aṣọ ní ọjà Gbági fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí bí kò ṣe ní mọ nọ́ńbà kọ. Wọ́n fi rúlà pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: ọjọ́, nọ́ńbà òwúrọ̀ kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu, àti nọ́ńbà alẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, mo rò pé gbèsè àwọn oníbàárà wọn ni. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Gbèsè tí mo jẹ ara mi ni."

Àtọ̀gbẹ ni ó ń ṣe wọ́n. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni wọ́n ń gún lójoojúmọ́, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn sì ni iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lọ́dún tó kọjá, ìwé yìí dá ìjà sílẹ̀ nílé wa, n ó sọ ọ́ tó bá yá. Ìjà náà ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ó ṣe di pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń wọn ṣúgà ara rẹ̀ nílé, tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rò pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìtàn. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní àtọ̀gbẹ ti jókòó ti aláìsàn, ó rí i pé ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, síbẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbẹ. Àwọn Gíríìkì náà fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí ohun tó ń ṣàn kọjá, nítorí pé omi tí aláìsàn bá mu kì í dúró lára rẹ̀. Ní Índíà àtijọ́, àwọn oníṣègùn pè é ní ìtọ̀ oyin. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí aláìsàn náà bá tọ̀ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Willis tọ́ ìtọ̀ aláìsàn wò, ó ní ó dùn bí ẹni pé wọ́n po oyin mọ́ ọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹ̀rọ nígbà náà. Ahọ́n dókítà ni ẹ̀rọ. Ní 1776, dókítà mìíràn ní Liverpool, Matthew Dobson, se irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ títí omi rẹ̀ fi gbẹ tán. Ohun funfun tó kù nísàlẹ̀ ń rùn bíi ṣúgà, ó sì dùn bíi ṣúgà. Ó rí i pé omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà dùn pẹ̀lú. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà náà ti ń bọ̀.

Ìmọ̀ yìí kò tíì gba ẹnikẹ́ni là. Ní 1889, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ajá, tí wọ́n ń pè ní pánkíríásì, ni àtọ̀gbẹ bá mú ajá náà. Ó tún lé ní 30 ọdún lẹ́yìn ìyẹn kí Frederick Banting àti Charles Best, nínú yàrá iṣẹ́ J. J. R. Macleod ní Toronto, tó rí ohun tí ẹ̀yà ara náà ń ṣe jáde fà yọ. Kí èyí tó dé, bí àtọ̀gbẹ bá mú ọmọdé, oúnjẹ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ọmọ náà á rù títí egungun rẹ̀ á fi ṣeé kà. Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ni wọ́n kọ́kọ́ gún ní abẹ́rẹ́ náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1922. Ti àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa. James Collip tún oògùn náà ṣe kí ó túbọ̀ mọ́, wọ́n sì tún gún ọmọ náà ní ọjọ́ 23 oṣù náà. Ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀. Ó lo ọdún 13 sí i láyé.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti máa ń parí ìtàn náà, pẹ̀lú Ẹ̀bùn Nobel ti 1923. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ínsúlínì gbà là ní láti gún un lọ́la àti lọ́túnla, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ṣúgà á já wálẹ̀, òòyì á kọ́ ọ, ó lè dákú. Bí ó bá kéré jù, ṣúgà á máa ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà kò lè máa bá a gbélé. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì mọ omi aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní Benedict, èyí tí a fi ń wá ṣúgà nínú oúnjẹ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé. Orúkọ ará Amẹ́ríkà kan, Stanley Benedict, ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn alátọ̀gbẹ fi lo omi yìí nínú ilé ìdáná wọn. Wọ́n á kán ìtọ̀ sí i, wọ́n á gbé e kaná. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, kò sí ṣúgà. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá pọ́n bíi bíríkì, ó ti pọ̀ jù. Ní 1941, ilé-iṣẹ́ Ames ní Amẹ́ríkà ṣe oògùn oníhóró kan tó ń gbóná fúnra rẹ̀, wàhálà iná dídá sì dópin.

Ṣùgbọ́n ìtọ̀ máa ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́. Kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi tí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 180 lórí ẹ̀rọ irú ti màmá àgbà. Ó dà bí àgbá omi: ìgbà tó bá kún tó ń ṣàn sílẹ̀ nìkan lẹ ó mọ̀. Bí ó bá ku díẹ̀ kó gbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè sọ fún yín.

Láàárín àwọn ọdún yẹn ni àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn rí. Ní 1926, Dókítà Ernesto Roma dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lisbon fún àwọn tálákà tó ní àtọ̀gbẹ. Òun ni ẹgbẹ́ alátọ̀gbẹ tó pẹ́ jù lọ láyé. Ti London tẹ̀ lé e ní 1934. Àwọn méjì tó dá a sílẹ̀, àtọ̀gbẹ ń ṣe àwọn méjèèjì: òǹkọ̀wé H. G. Wells, àti R. D. Lawrence tó jẹ́ dókítà. Dókítà ọ̀dọ́ ni Lawrence nígbà tí wọ́n rí àìsàn náà lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé ikú ni, ó sì lọ sí Florence ní Ítálì kí ó má baà kú sójú àwọn ẹbí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà ní 1923 tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí i pé ínsúlínì ti dé, ó ń ṣiṣẹ́, kó yáa máa bọ̀. Ó fi ọkọ̀ wa ara rẹ̀ padà dé London, kò sì kú títí di 1968. Mo máa ń rò ó pé, nígbà tí aláìsàn kan bá jókòó níwájú Lawrence tó ní, "Dókítà, ó ti sú mi," èsì tí yóò gbọ́ kò ní jọ ti dókítà mìíràn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ames ṣe ẹ̀rọ kan tó lè ka ṣúgà láti inú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Ó wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ, owó rẹ̀ tó dọ́là 650. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe é fún, kí àwọn dókítà lè mọ ẹni tó mutí yó yàtọ̀ sí ẹni tí àtọ̀gbẹ dá kú lóru. Wọn kì í tà á fún aláìsàn. Ẹnjiníà kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Richard Bernstein. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un ní 1946. Nígbà tí à ń wí yìí, kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ. Wọn kò tà á fún òun náà. Ṣùgbọ́n dókítà ni ìyàwó rẹ̀, orúkọ ìyàwó ni wọ́n fi rà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ìka ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá rí i pé ṣúgà òun ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀, láìjẹ́ pé òun tàbí dókítà mọ̀. Ó yí oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà títí nọ́ńbà náà fi dúró sójú kan. Ó kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí àwọn ìwé àtìgbàdégbà ìṣègùn, wọ́n dá a padà. Ta ni ẹnjiníà lójú wọn? Ló bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ọmọ ọdún 45, ó sì di dókítà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí fún agídí rẹ̀.

Ní 1978, àwọn dókítà ní London àti Nottingham tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé aláìsàn lásán lè wọn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nílé, kó sì yege. Láti 1983 sí 1993, àwọn olùyọ̀ǹda 1,441 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà gbà kí wọ́n fi àwọn ṣèwádìí. Àwọn tó ń wọn ṣúgà wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán lójúmọ́, tí wọ́n sì ń tún abẹ́rẹ́ wọn ṣe bí nọ́ńbà bá ṣe wí, bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ojú, kíndìnrín àti iṣan ju àwọn yòókù lọ fíìfíì. Àmọ́ ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ lójijì ju ti àwọn yòókù lọ. Kò sí èyí tí kò ní tirẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà 832 tó ní àtọ̀gbẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ lẹ́yìn náà pé àìsàn òyìnbó ni.

Mo ti wá dé ibi ìjà wa. Lọ́dún tó kọjá, màmá àgbà gbé ìwé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀ ló dára: 108, 112, 110. Dókítà yìn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni èsì àyẹ̀wò olóṣù mẹ́ta dé. Onímọ̀ ará Ìránì kan, Samuel Rahbar, ló ṣí ọ̀nà àyẹ̀wò yìí ní ìparí àwọn ọdún 1960: ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ pupa sì ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta lára ènìyàn, nítorí náà ó ń rántí ohun tí aláìsàn ti gbàgbé. Èsì náà burú. Dókítà bèèrè níwájú gbogbo èrò pé, "Màmá, ta lẹ̀ ń tàn jẹ?" Nígbà tí a délé, ìyá mi pariwo mọ́ wọn. Èmi náà wo ìwé yẹn dáadáa, mo rí i pé bírò kan náà ni wọ́n fi kọ oṣù kan gbáko, ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan. Mo tẹ ẹ̀rọ náà kí ó fi èyí tó wà ní ìpamọ́ hàn mí: 263, 298, 240. Láàárín wọn, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ṣófo, nítorí pé sítíríìpù wọ́n, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lò.

Màmá àgbà sunkún. Wọ́n ní, "Bí mo bá kọ òótọ́, gbogbo yín ó máa wò mí bí olè."

Mo padà rí i kà pé wọn kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1984, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn aláìsàn ní ẹ̀rọ tó ń tọ́jú gbogbo nọ́ńbà pa mọ́, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ sínú ìwé kò bá ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ mu. Ó ti dára jù. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹ̀rọ tó dé ọwọ́ aláìsàn, nígbà tó wá dé, ẹ̀rù èébú kò jẹ́ kó lè fi òótọ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa máa ń kó àwọn alátọ̀gbẹ jọ síwájú ilé rẹ̀ ní Sátidé méjì-méjì. Èmi ni mo sin màmá àgbà lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n gbé báàgì wọn há abíyá, ìwé wà nínú rẹ̀. Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀: "341. Mo jẹ iyán níbi òkú." Mo retí kí wọ́n bú u. Ìyá kan bi í pé, "Òkèlè mélòó?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kálukú ń ṣe bí ó bá lọ òde: ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹran kó tó kan iyán, ẹni tó ń rìn dé ilé. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún kìlọ̀ pé abẹ́rẹ́ ẹnì kan kò gbọdọ̀ kan ara ẹlòmíràn láé. Wọ́n tún dá owó jọ láti ra sítíríìpù lọ́pọ̀, kí ó lè dín díẹ̀.

Kí a tó dìde, màmá àgbà mú ìwé wọn jáde. Wọ́n ṣí ojú ìwé àwọn 108 àti 110 náà sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Irọ́ ni gbogbo èyí."

Ìyá tó bèèrè òkèlè wò ó, ó ní, "Tèmi dára jù báyìí lọ nígbà tí mò ń pa tèmi."

Ojú ìwé tuntun ti di ọ̀nà mẹ́rin. Èmi ni mo ń bá wọn kọ ẹ̀kẹrin, ohun tí wọ́n jẹ. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé. Ọjọ́ Ẹtì, 187, dòdò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 143, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀kọ ẹyọ kan. Ọjọ́ Àìkú kò ní nọ́ńbà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn pé sítíríìpù tán.