Pupa Di Aró: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àṣìtú Àwòrán

Ẹni tó bá fi ètò OpenCV ṣí fọ́tò obìnrin tó wọ àlàárì, tó wá fi ètò Matplotlib gbé e jáde, yóò rí i pé àlàárì náà ti di búlúù, ojú obìnrin náà pàápàá sì ti di búlúù pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà kò ní kìlọ̀. Fáìlì náà kò bàjẹ́, kóòdù náà kò sì dúró lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà gbogbo ló pé. Àyè tí wọ́n jókòó sí ni kò bára mu.

Ọ̀pọ̀ fọ́tò inú kọ̀ǹpútà ló pín sí ẹyọ kéékèèké, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta láti 0 dé 255: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ aró. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ló ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀, pupa síwájú, aró sẹ́yìn. OpenCV, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Intel lọ́dún 1999, ń fi aró síwájú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà àti àwọn ètò orí Windows ṣe ń tò ó nígbà náà. Matplotlib kò mọ̀ nípa ìyẹn. Nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ bá pàdé, pupa ló ń pè é.

Bí ọ̀dọ́ méjì bá jókòó ti irú àwòrán báyìí, ohun tí ẹnì kan máa ń sọ fún èkejì ni pé “kọ́lọ̀ ẹ̀ ti dàrú.” Òótọ́ ni, ó ti dàrú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọ̀ lè gbà dàrú nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka àwòrán kò mọ́ ní ẹyọ kan, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì sàn. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe yóò kàn máa dán tibí wò, dán tọ̀hún wò ni. Orúkọ tó wúlò fún àṣìṣe ni èyí tó ń tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe náà wà, Yorùbá sì ní ohun tó lè fi sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa ti ń di ọ̀rọ̀ sínú nǹkan mìíràn kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àrokò ni. Owó ẹyọ méjì tí a so kojú síra ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí. Iye ẹyọ, ìtò wọn àti ibi tí wọ́n kọjú sí ló gbé ìtumọ̀ dání. Ẹni tí kò bá mọ ìlànà tí wọ́n fi dì í, owó lásán ló rí. Fáìlì àwòrán kò yàtọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ti wà nílẹ̀: wọ́n *di* àwòrán sínú fáìlì, ètò mìíràn wá *tú* u. Bí ètò náà bá tú u lọ́nà tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe dì í, àṣìtú nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ àṣìgbọ́ àti àṣìsọ. Àrokò náà ló fún wa ní *ẹyọ*, orúkọ tó bá nǹkan kékeré tó gbé nọ́ńbà mẹ́ta yẹn mu.

Kí ni a ó wá pe àkójọ kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ títú yìí fún àwọn ètò mìíràn? Ẹni tó bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní tààrà yóò pè é ní ilé-ìkàwé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í kàwé níbẹ̀. *Àká* sàn jù ú lọ fíìfíì: ibi tí a kó nǹkan sí, tí a ń padà lọ bù nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Bákan náà, ìkànnì ti ń ṣiṣẹ́ fún tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì, kò yẹ kí a tún fi sọ nọ́ńbà pupa gbogbo tí a kó jọ lọ́tọ̀. *Ìpele* ni ìyẹn, torí pé àwòrán mẹ́ta tí a tò léra ni lóòótọ́.

Kí àwọn ìpele náà máa jẹ́ P, E, A: pupa, ewé, aró. Ti OpenCV á wá jẹ́ A-E-P. Ẹni tó bá gbọ́ pé A-E-P ni àwòrán kan ti mọ ohun tí yóò ṣe, ìyẹn ni pé kó pààrọ̀ ìpele kìíní àti ìkẹta. Nínú kóòdù, RGB (P-E-A) àti BGR (A-E-P) yóò dúró bí wọ́n ṣe wà, nítorí pé orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀ nìyẹn. Ẹnu olùkọ́ ni P-E-A wà fún.

Irú àṣìtú yìí mọ bí a ṣe ń fara pamọ́. Àsìá Nàìjíríà kò lè tú àṣírí rẹ̀: funfun kò yí padà, àwọ̀ ewé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, 135, 81 á di 81, 135, 0, ewé náà ni lójú ẹni tí kò wò ó fín. Àsìá orílẹ̀-èdè Benin ló dáa láti fi dán an wò, nítorí pé pupa rẹ̀ á di búlúù, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ á sì di àwọ̀ sánmà.

JPEG ló mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ìlànà rẹ̀, tó jáde ní 1992, kì í sábà kó pupa, ewé àti aró pamọ́ bí wọ́n ṣe wà. Ìpele kan ń gbé ìmọ́lẹ̀. Àwọn méjì yòókù ń sọ bí àwọ̀ ṣe ya sí ọ̀dọ̀ aró tàbí sí ọ̀dọ̀ pupa. Ojú ènìyàn ń tètè mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dín ìpele méjì yẹn kù kí fáìlì lè fúyẹ́. *Ìmọ́lẹ̀*, *ìyàsáró*, *ìyàsípupa*: àwọn orúkọ yìí ń sọ iṣẹ́ wọn ju lẹ́tà YCbCr lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé JPEG mìíràn lè kó P-E-A gan-an sínú, kí àmì kékeré kan tí Adobe dá sílẹ̀ sì jẹ́ ohun tó ń sọ èyí tó jẹ́. Àká tó bá fo àmì náà, méfòméfò ló ń ṣe. Bí ó bá fi ojú ìmọ́lẹ̀, ìyàsáró àti ìyàsípupa wo nọ́ńbà P-E-A, funfun tó jẹ́ 255, 255, 255 á di 255, 121, 255, píǹkì tó ń ta sójú; dúdú á di ewé. Ẹni tó bá rí agbádá funfun tó di píǹkì, tí fìlà dúdú orí rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé, kò gbọdọ̀ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí pípààrọ̀ ìpele. *Àṣìmọ̀ ìlànà* ni.

Fáìlì ìtẹ̀wé, tó ní ìpele tàdáwà mẹ́rin, ní àṣìtú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Photoshop máa ń kọ nọ́ńbà wọn lódì sínú JPEG, tí 255 á túmọ̀ sí pé kò sí tàdáwà níbẹ̀ rárá. Àká tí kò bá mọ̀ á sọ dúdú di funfun. *Yíyísódì* ti tó fún un.

Èyí tó gba sùúrù jù ni òṣùwọ̀n. Bí nọ́ńbà bá sọ pé pupa jẹ́ 255, pupa wo? Pupa sRGB, tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996, kò rí bákan náà pẹ̀lú gbogbo pupa tí òṣùwọ̀n mìíràn ń sọ, àwọ̀ ewé Adobe RGB sì tàn ju ti sRGB lọ. Nítorí èyí ni fáìlì fi máa ń gbé *ìwé òṣùwọ̀n* lọ́wọ́, irú èyí tí International Color Consortium, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, ń ṣètò. Àká tí kò bá ka ìwé náà á gbé àwòrán Adobe RGB jáde bíi pé sRGB ni, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ á sì rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn aláró ní ọ̀rọ̀ fún aṣọ tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yẹ àwòrán: *ó ṣá*. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ń bà jẹ́. Ní 2020, fọ́tò adágún Saint Mary ní Montana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, mú kí àwọn fóònù Android 10 kan máa kú, máa jí, nígbà tí wọ́n fi ṣe àwòrán ẹ̀yìn ojú fóònù. ProPhoto RGB ni ìwé òṣùwọ̀n rẹ̀. Nígbà tí fóònù ṣírò ìmọ́lẹ̀ ẹyọ kan, èsì kọjá 255, bẹ́ẹ̀ 255 ni tábìlì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún un parí sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a ṣọ́ nínú Yorùbá fúnra rẹ̀, ìyẹn pupa. Epo pupa kì í ṣe àwọ̀ kan náà pẹ̀lú osùn, ènìyàn pupa kò sì jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Nínú orúkọ ìpele, pupa ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Bí ènìyàn bá ń ròyìn àṣìtú, kí ó kọ nọ́ńbà ẹyọ náà tì í.

Iṣẹ́ wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ báyìí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ní 1970 ni ètò Babs Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa ni pé kí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ọ̀rọ̀ sí ibi tí àṣìtú ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, nínú ìkìlọ̀ tí ètò máa ń gbé jáde. Irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣeé kọ lónìí: “A-E-P ni àwòrán yìí, P-E-A ni a ń retí.” “Tàdáwà inú fáìlì yìí yí sódì.” “Fáìlì yìí kò ní ìwé òṣùwọ̀n. sRGB ni a fi tú u.”