Ègbè
Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ è- àti ọ̀rọ̀-ìṣe gbè, tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, ni ó di ègbè, èyí tí ó ń tọ́ka sí àtìlẹ́yìn nínú ìjà tàbí ẹjọ́, àti, nínú orin, sí apá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ẹni tí ó ń lé orin lóhùn: ‘Àdùkẹ́ ni ó lé orin náà, gbogbo ìjọ sì kọ ègbè rẹ̀.’ Orin àjùmọ̀kọ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ègbè, yàtọ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere nínú orin aláwòrán tí ó gbòde ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí orin ‘The Little Lost Child’ jáde ní 1894. Akọrin kan a máa dá ẹsẹ orin kọ, bí iná àtùpà ti ń gbé àwòrán tí a fi ọwọ́ kùn lọ́dà láti ara dígí pẹlẹbẹ sára aṣọ funfun, dígí tí ó kẹ́yìn a sì gbé ọ̀rọ̀ ègbè jáde kí àwọn òǹwòran lè kọ ọ́. Nítorí náà, kí àwọn tí ń tẹ ìwé ètò ìsìn jọ̀wọ́ má ṣe pe odindi orin ìjọ ní ègbè mọ́.