Kọfí, ṣúgà àti àwa ará Festac

 

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé kọfí ń dènà àtọ̀gbẹ. Kí ẹ tó kà á tán, ẹlòmíì á ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́ pé irọ́ ni, kọfí ló ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìwé ìwádìí wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọdún kan náà ni ìwé méjèèjì jáde, 2002, orílẹ̀-èdè kan náà, Netherlands, ni wọ́n sì ti wá. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí kọfí ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa, torí kọfí tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́hùn-ún àti èyí tí à ń mu ní Amuwo-Odofin kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí, tí wọ́n ń pè ní kaféènì, kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Jámánì kan, Friedlieb Ferdinand Runge, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ láti inú kóró kọfí ní 1819. Àwọn baba wa ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀, torí ó wà nínú obì. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ òru, awakọ̀ tó ń na Èkó sí Kano, obì ni wọ́n ń jẹ kí ojú wọn lè dá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko obì gbànja àti kòkó ló sọ Agége di ìlú tí àwọn oníṣòwò Hausa ń yà sí. Obì sì korò. Kò sẹ́ni tó ń da ṣúgà sí i. Ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, ló po Coca-Cola ní Atlanta ní 1886, tí ìlàjì orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti obì. Nígbà tí wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀ ní 1951, orúkọ obì padà wálé, inú ìgò ló wà, ṣúgà ló sì gbé wá.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí kọfí.

Àwọn àgbẹ̀ wa ń gbin kọfí. Igi rẹ̀ wà ní Kabba, ó wà ní Èkìtì, ó wà lórí òkè Mambilla. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964, ìyẹn CRIN, kọfí wà lára irè tí wọ́n ń bójú tó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbìn ín kì í sábà mu ún, òkè òkun ni wọ́n ń tà á sí. Èyí tó wọ ilé wa, inú agolo ló ti wá. Ní àwọn ọdún 1930, kọfí pọ̀ jù ní Brazil débi pé wọ́n ń dáná sun ún. Ilé iṣẹ́ Nestlé ti Switzerland wá ọgbọ́n dá sí i, wọ́n sọ kọfí di ìyẹ̀fun tó ń yọ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n sì gbé Nescafé jáde ní 1938. Ní 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Àdúgbò wa wá ńkọ́? Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1977 ni àjọ̀dún FESTAC bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 12 oṣù Kejì ló parí. Ibi tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún náà ni Festac Town. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, Federal Housing Authority pín ilé ibẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Owó epo ló kọ́ ilé wọ̀nyẹn. Àsìkò kan náà ni owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí oúnjẹ òkè òkun sì kún ọjà. Tábìlì òwúrọ̀ yí padà: búrẹ́dì, mílíìkì alágolo, ṣúgà onígunmẹ́rin nínú páálí, àti tíì.

Ẹ bi àwọn ìyá yín ohun tí tíì jẹ́. Ewé tíì nìkan kọ́ o. Milo, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Ovaltine, tíì ni. Ohunkóhun tó bá ti gbóná nínú kọ́ọ̀bù, tó ní mílíìkì, tó sì dùn, Èkó ti sọ ọ́ di tíì. Inú ilé tíì yìí ni kọfí wọ̀ sí nígbà tó dé, ó sì di dandan kó wọ aṣọ ilé: mílíìkì àti ṣúgà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

SAP dé ní 1986, náírà ń já wálẹ̀, agolo ń wọ́n. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí à ń rà ní agolo di ohun tí à ń rà ní sáṣẹ́ẹ̀tì. Kọfí náà wọ sáṣẹ́ẹ̀tì, kò sì dá wọ̀ ọ́. Three-in-one: kọfí, mílíìkì, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń wá mọ́tò ní Mile 2 ní ìdájí mọ ìwúlò rẹ̀: omi gbígbóná nínú fúláàsì, ife onírọ́bà, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn wò. Èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, nínú ọ̀pọ̀ three-in-one, ṣúgà ló sì ń ṣíwájú. Ẹ̀yìn ni kọfí wà, bí ọmọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ayẹyẹ tí wọn ò fún un ní àga jókòó.

Ó yá, Netherlands. Rob van Dam àti Edith Feskens tẹ̀ lé ènìyàn 17,111. Àwọn tó ń mu kọ́ọ̀bù kọfí méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ewu àtọ̀gbẹ irú kejì fún wọn jẹ́ ìdajì ti àwọn tí kì í mu ju méjì lọ. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Lancet ló gbé e. Ọdún yẹn kan náà, àwọn oníṣègùn mìíràn ní ìlú Nijmegen fún ènìyàn méjìlá tí ara wọn le ní kaféènì láti inú iṣan. Bí ara wọn ṣe ń gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Báwo lèyí ṣe jẹ́? Ẹ ronú kan Mile 2. Ṣúgà ni àwọn ọkọ̀ tó wà lójú títì. Ínsúlínì ni ẹni tó ń darí wọn kúrò lójú títì wọ inú àdúgbò, níbi tí iṣẹ́ ti ń dúró dè wọ́n. Kaféènì ń mú kí ara tú adirenálínì jáde bíi ẹni tí ajá ń lé. Ẹni tí ajá ń lé nílò ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ ń pẹ́ lójú títì. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ wákàtí mélòó kan. Ti van Dam jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2014, àwọn kan kó ìwádìí 28 pọ̀, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló wà nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ bá ewu tó fi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù rìn, kọfí tí wọ́n ti yọ kaféènì kúrò nínú rẹ̀ sì bá ìdá 6 rìn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fura pé nǹkan mìíràn nínú kọfí ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe kaféènì. Mo ní "bá rìn" o. Àwọn ìwádìí wọ̀nyí ń wo bí èèyàn ṣe ń gbé ayé wọn ni, wọn ò lè búra pé kọfí ló ṣe é.

Kọfí wo wá ni wọ́n ń sọ? Kọfí lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣúgà níbẹ̀ á fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú. Kò sí sáṣẹ́ẹ̀tì wa nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó ń mu three-in-one mẹ́ta lójúmọ́ torí WhatsApp ní ó ń dènà àtọ̀gbẹ, oògùn ẹlòmíì ló ń lò.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá àwàdà. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe darí gbé ìjábọ̀ jáde ní 1997: àtọ̀gbẹ wà lára ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà wa. Àkójọ ìwádìí tó jáde ní 2018 sọ ọ́ di 5.77. Ẹ má dá sáṣẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ́bi. Ìrẹsì wà níbẹ̀, jíjókòó wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ láti Festac lọ sí Island wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ WHO sọ ní 2015 pé ó dára kí ṣúgà tí à ń fi sí oúnjẹ má ju nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́fà. Ẹ ka iye gíráàmù tó wà lẹ́yìn sáṣẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye tí ẹ ń mu.

Ohun kan kù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbààwẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ṣúgà, omi lásán ni kí ẹ mu. Kọfí dúdú tí kò ní ṣúgà rárá náà lè da èsì rú, nítorí adirenálínì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò nílé, kó wọn ṣúgà rẹ̀ kó tó mu kọfí, kó tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ fún dókítà rẹ̀.