Ohun tí ẹ̀rọ ń rí nínú ọkàn àwọn ènìyàn wa

Ní agbègbè wa níhìn-ín, láti Riverdale Park títí dé College Park, bí a bá ti dárúkọ àrùn ọkàn, ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń rò ni ọ̀rá tó dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn. Ìtàn ti ilé yàtọ̀ sí èyí, ó sì pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1929, dókítà òyìnbó kan tí ń jẹ́ Donnison, tó ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò rí ẹnì kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ará ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn ènìyàn létí. Ọ̀pọ̀ dókítà ló gbà pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àrùn aláwọ̀ dúdú tó bá ń gbé ilẹ̀ baba rẹ̀. Ìgbà tí ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní 1957, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìlú àti ní oko, ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládiípọ̀ Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, fi èyí ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sọ bí ọkàn fúnra rẹ̀ ṣe rí. Láyé ìgbà náà, etí ni dókítà fi ń gbọ́ ọkàn; bí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, àfi kí aláìsàn kú ná. Òkú ni Davies yẹ̀ wò ní Kampala kí ó tó lè kọ̀wé ní 1948 nípa àrùn kan tí ń sọ inú ọkàn di àpá líle.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Ní Lund, ní ilẹ̀ Sweden, dókítà Inge Edler àti Hellmuth Hertz, onímọ̀ físíìsì, gbìyànjú ẹ̀rọ tí àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ̀ bóyá irin ní àbùkù nínú. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán jáde. Bí ó bá kan ògiri ọkàn, yóò padà, àkókò tí ó fi padà ni yóò sì sọ ibi tí ògiri náà wà. Ní oṣù October 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ fi gba àwòrán ọkàn tí ń lù. Echo ni a ń pè é lónìí.

Kí ni ó wá fi hàn? Ní Ìdí-Aba, Abẹ́òkúta, wọ́n kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lè fa ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, ní 2009 àti 2010. Nínú 100 wọn, 78 àti ààbọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba ọkàn wọn jẹ́. Àwọn tí ó jẹ́ pé iṣan dídí ló fà á kò pé ẹyọ kan nínú 100! Ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba, kò ju bí ọdún 57 lọ. Bàbá àti ìyá tí ń sanwó ilé-ìwé ẹlòmíràn nínú wa lọ́wọ́lọ́wọ́ ni. Ìwádìí orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 2012, fi irú àwòrán yìí hàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ tó ti Abẹ́òkúta. (Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ka gbogbo wọn o; ẹni tó kú sílé kò sí nínú ìṣirò.)

Ti àwọn ọmọdé tún yani lẹ́nu. Ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú lè padà wá ba àwọn ìlẹ̀kùn ọkàn jẹ́. Ní Mozambique, nínú ọmọ ilé-ìwé 2,170, etí dókítà rí 5. Echo rí 66. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007. Àwọn kan bi í pé kí ni àǹfààní rírí ohun tí kò tíì máa dun ọmọ. Ìdáhùn ti Uganda wá ní 2021: wọ́n pín àwọn ọmọ 818 tí echo ti rí àrùn náà lára wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n ń fún apá kan ní abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì lóṣooṣù fún ọdún méjì. Àrùn náà le sí i lára ọmọ 3 nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́, àti lára 33 nínú àwọn tí kò gbà á.