ÌDÁÀBÒBÒ ILẸ̀ ÀTI OMI: ÈJÌKÁ TA LÓ YẸ KÍ ẸRÙ RẸ̀ WÀ?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ilẹ̀ àti omi, tó sì fi ọmọ ènìyàn ṣe àrólé lórí wọn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, kò sí òfin tí a fi ń dáàbò bo igbó, pápá tàbí odò tí kì í ná ẹnìkan ní nǹkan. Àgbẹ̀ lè pàdánù oko, onílé-iṣẹ́ lè náwó lórí ìdọ̀tí rẹ̀. Ta wá ni kó ru ẹrù náà?

Kí Islam tó dé, alágbára láàrin àwọn Lárúbáwá a máa gba pápá tó dára jù fún ẹran tirẹ̀ nìkan. Himā ni wọ́n ń pè é. Ànábì fòpin sí èyí. Ó ya pápá Naqīʿ nítòsí Mẹ̀dínà sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹṣin àwọn Mùsùlùmí lápapọ̀ ni.

Nígbà tí Sàyìdínà Umar jẹ́ kálífà (634–644), ó ya Rabadha sọ́tọ̀ fún ẹran sàká àti ẹran ogun. Hunayy, ẹrú rẹ̀ tó ti di òmìnira, ló fi ṣe alábòójútó himā. Àṣẹ tó pa fún un wà nínú ìwé Imam Bukhari: kó jẹ́ kí ẹni tó ní ràkúnmí tàbí àgùntàn díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fún ẹran Abdur-Rahman ọmọ Awf àti ti Uthman ọmọ Affan. Ẹ ò rí nǹkan! Àgbà sàhábà làwọn méjèèjì, olówó sì ni wọ́n. Kí ló dé? Umar ní bí ẹran tiwọn bá kú, wọ́n ní oko àti ọgbà dàbínù tí wọn yóò padà sí. Bí ti mẹ̀kúnnù bá kú, tọmọtọmọ ni yóò wá bá òun, òun ò sì ní lè lé e. Koríko àti omi sì rọ òun lọ́rùn ju wúrà àti fàdákà lọ. Kò tún fi bò pé àwọn onílẹ̀ lè rò pé òun ṣàbòsí sí àwọn.

Ìlànà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kí ìdáàbòbò jẹ́ fún gbogbo ìlú, kí alágbára ru ẹrù tó pọ̀ jù, kí olórí ṣírò ohun tí àìdáàbòbò yóò ná òun lẹ́yìn ọ̀la.

Orílẹ̀-èdè tiwa náà rí ẹ̀kọ́ yìí ní 1988. Ìdọ̀tí olóró láti Italy, tó lé ní 3,000 tọ́ọ̀nù, ni wọ́n bá ní Koko, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Àgbàlá ẹnìkan ni wọ́n kó o sí, nítorí owó táṣẹ́rẹ́ lóṣù. Ẹlòmíràn jèrè, ará Koko rí májèlé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Nàìjíríà pe aṣojú rẹ̀ padà láti Italy, ó sì rọ̀ mọ́ ọn títí ọkọ̀ Karin B àti Deep Sea Carrier fi kó ìdọ̀tí náà lọ. Kí ọdún náà tó parí, Decree 42 ti sọ kíkó irú rẹ̀ wọ̀lú di ẹ̀wọ̀n gbére, Decree 58 sì dá àjọ FEPA sílẹ̀. NESREA ló ń ṣe iṣẹ́ náà láti 2007.

Nítorí náà, bí a bá ń lé aláta kúrò létí odò, tí ilé-iṣẹ́ ńlá sì ń da májèlé sínú odò kan náà, àṣẹ Umar la dorí rẹ̀ kodò yẹn. Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣe déédé. Āmīn.