Akọni ní Ayé Dúróònù

Ọ̀pọ̀ yín ní Ṣómólú àti Bàrígà ti rí dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ayàwòrán ń rán lọ sókè níbi ìnáwó. Irú rẹ̀ tó tóbi ni àwọn ológun fi ń ju àdó olóró. Bí jagunjagun kò bá sí lójú ogun mọ́, ta ni à ń pè ní akọni?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń pìtàn: ‘akọ’ àti ‘ẹni’ ni a so pọ̀ tó di ‘akọni’. Lójú àwọn baba wa, ọkùnrin ló ni ogun, nítorí pé òun ló ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó bá lọ sógun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta. Bí kò bá ṣẹ́gun, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Ṣùgbọ́n ìgboyà kò fìgbà kan jẹ́ ti ọkùnrin nìkan. Nígbà tí Gezo, ọba Dàhòmì, kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ obìnrin fi àyà gba ọta lẹ́bàá odi ìlú. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ pé obìnrin ni àwọn ń bá jà, inú bí wọn gidigidi.

Ní ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn ayìn-jìnnà ti àwọn Èkìtìparapọ̀ mú kí apani àti ẹni tí à ń pa túbọ̀ jìnnà síra. Dúróònù ló wá parí rẹ̀: ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó sórí àga, ọta kan kò lè bà á. Iṣẹ́ náà kò bèèrè agbára apá. Tọkùnrin tobìnrin ló lè ṣe é.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 2023, dúróònù ológun ilẹ̀ wa ju àdó olóró lu àwọn ará Tudun Biri ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Máólúùdì. Èèyàn tó lé ní 80 ló kú, tọmọdé tobìnrin. Iléeṣẹ́ ológun ní àṣìṣe ni.

Kakaǹfò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún ogun tó lọ jà. Ẹni tó ń darí dúróònù kò fi nǹkan kan dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè ta ni ọkùnrin ogun sílẹ̀. Èyí tó kù tí a gbọ́dọ̀ máa bi ológun ni pé: ta ni yóò jíhìn?